HUGH CLAPPERTON: ATUKỌ̀ TÍ ÀPARÒ Ń JẸ́ ORÚKỌ RẸ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dárúkọ Hugh Clapperton, ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ wa yóò lọ ni ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mungo Park, Clapperton, Lander: a há wọn sórí, a kọ wọ́n sínú ìdánwò, a sì gbàgbé wọn kí a tó délé. Èmi kò lè tètè gbàgbé ti Clapperton nítorí pé ìlú tí ó kú sí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Àdúgbò Gawon Nama ní Sókótó ni ilé wa wà. Gawo ni àwọn Hausa ń pe igi kan tí í máa wọ́wé nígbà òjò, tí í sì máa rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi yòókù bá ti gbẹ. Nama sì ni ẹran. Ní Sókótó, Bayarabe ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, Gàmbàrí ni ẹ̀yin náà ń pè mí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Gàmbàrí yín sọ ìtàn òyìnbó kan tí ó rin ọ̀nà tí ó so ilẹ̀ bàbá mi pọ̀ mọ́ ìlú tí mo gbé dàgbà, láti Àgbádárìgì títí dé Sókótó, tí ẹyẹ kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1788 ni wọ́n bí i ní ìlú Annan, ní ilẹ̀ Scotland. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Annan kò jìnnà sí ibi tí odò tí ń jẹ́ orúkọ kan náà ti ń wọ apá òkun tí wọ́n ń pè ní Solway. Etí omi Solway kò dà bí etí òkun Èkó tí ìgbì ti ń bì lu ilẹ̀ gbì-gbì. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn níbẹ̀, yanrìn àti ẹrẹ̀ á tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ débi tí ojú lè rí i mọ. Nígbà tí omi bá sì ń padà bọ̀, eré ni ó ń bá bọ̀. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ etí òkun wà: ekòló, ìṣáwùrú, àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké mìíràn. Ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn á ti ẹnu bọ ẹrẹ̀ jinlẹ̀, ẹlẹ́nu kúkúrú á ṣa ti òkè jẹ. Bí oríṣiríṣi ẹyẹ ṣe ń jẹun lójú kan láìjà nìyẹn. Bí ìgbà òtútù bá dé, pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun á ti erékùṣù Svalbard, nítòsí òpin ayé ní àríwá, fò wá sí Solway, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí òtútù yóò fi lọ. Títí di òní ni wọ́n ń wá. Ẹ̀bá irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ti lajú sáyé.

Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tí ó wọ ọkọ̀ òkun tí ń ná òwò láàárín Liverpool àti Amẹ́ríkà. Wọ́n mú un ní Liverpool nítorí iyọ̀ díẹ̀ tí kò sanwó ibodè lé lórí, wọ́n sì fà á lé àwọn ológun ojú omi lọ́wọ́. Iyọ̀ lásán ni ó sọ ọ́ di ológun! Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọlu Port Louis ní erékùṣù Mauritius ní 1810, ó sì ṣiṣẹ́ lórí àwọn adágún ńláńlá ilẹ̀ Kánádà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá Amẹ́ríkà jagun. Nígbà tí ogun tán, ìjọba kò nílò atukọ̀ púpọ̀ mọ́. Ní 1817 wọ́n ní kí ó máa lọ sílé pẹ̀lú ààbọ̀ owó oṣù. Ẹni tí ó bá ti gbé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá dúró láìtọ́jọ́ yóò mọ bí ilé ṣe máa ń há irú wọn mọ́.

Ní 1820 ó lọ sí Edinburgh, ibẹ̀ ni ó ti bá Walter Oudney pàdé, dókítà kan tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ewéko. Oudney ni ó fi ọ̀rọ̀ Áfíríkà sí i lọ́kàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá àwọn tí yóò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Borno, kí wọ́n lè mọ ibi tí odò Ọya ń ṣàn lọ. Àwọn kan ní inú adágún kan ni ó ń wọ̀, àwọn kan ní inú odò Náílì ni. Wọ́n yan Oudney, Clapperton bá a lọ, ìjọba sì fi ọ̀gágun orí ilẹ̀ kan, Dixon Denham, kún wọn. Ní 1822 ni wọ́n kúrò ní Trípólì.

Ní ìhà Bilma, òkìtì yanrìn ni ó gba gbogbo ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń kọ́ òkìtì wọ̀nyí: á gbá yanrìn gun ẹ̀gbẹ́ kan tí ó rọra dagun, bí yanrìn bá dé ṣóńṣó, á ya lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó ga ṣánṣán. Díẹ̀díẹ̀ ni òkìtì ń rìn bẹ́ẹ̀ láìlẹ́sẹ̀. Ó dá mi lójú pé irú ilẹ̀ yìí kò lè ṣe àjèjì sí atukọ̀, nítorí yanrìn kò ní àmì ju òkun lọ. Oòrùn àti ìràwọ̀ ni a fi ń mọ ọ̀nà nínú méjèèjì. Ìmọ̀ tí Clapperton fi ń wá ibi tí ọkọ̀ wà lójú òkun, òun náà ni ó fi wọn ibi tí Kánò àti Sókótó wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lójú ọ̀nà náà tí kò sí lójú òkun. Ní ẹ̀bá àwọn kànga, egungun ènìyàn ni ó fọ́n káàkiri: egungun àwọn ẹrú tí wọ́n ń dà lọ sí àríwá, tí òùngbẹ àti àárẹ̀ pa. Ràkúnmí àwọn òyìnbó náà ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá.

Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn kí wọ́n tó rìn jìnnà. Denham gbà pé òun ni olórí, Clapperton kò gbà, Oudney tí ó wà láàárín kò lágbára ara. Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Ebè ni oníkálukú wọn ń wá. Ó burú débi pé àwọn tí wọ́n jọ pàgọ́ sójú kan náà ń kọ lẹ́tà síra wọn. Denham tún fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan Clapperton, irú èyí tí ó lè ba ayé ọkùnrin jẹ́ láyé ìgbà náà. Kò sí ẹ̀rí kankan, Oudney sì gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, Denham kò ṣe é bí ọmọlúwàbí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1823, wọ́n dé Lari, wọ́n sì fojú kan Adágún Chad. Kò sí òyìnbó tí ó ti kọ ìròyìn rẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹyẹ bo etí omi náà: pẹ́pẹ́yẹ igbó, lékeléke, àti àwọn ẹyẹ ńlá tí àpò awọ so rọ̀ lábẹ́ àgógó ẹnu wọn, tí wọ́n fi ń gbọ́n ẹja bí ẹni fi igbá bu omi. Adágún Chad gbòòrò ṣùgbọ́n kò jìn. Odò Chari, tí Logone ń wọ̀ sí, ni ó ń bọ́ ọ jùlọ. Ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀, òkìtì yanrìn àtijọ́ ni omi yí ká, tí orí wọn sì di erékùṣù. Etí omi àti òkìtì yanrìn jọ pàdé síbẹ̀, ìdí nìyí tí ẹyẹ omi àti ẹyẹ aṣálẹ̀ fi ń gbé bí aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń tọ ẹrẹ̀ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àlejò ni wọ́n. Yúróòpù àti Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń yé, tí wọ́n sì ti ń pa ọmọ. Aṣálẹ̀ tí ikọ̀ Clapperton fi ohun tí ó ju oṣù méjì lọ rìn láti Murzuk, ọjọ́ díẹ̀ ni ó jẹ́ fún wọn.

Ní oṣù Kejìlá 1823, Clapperton àti Oudney fi Kukawa, olú ìlú Borno ìgbà náà, sílẹ̀, wọ́n kọrí sí Kánò. Oudney ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1824 ní abúlé Murmur, nítòsí Katagum. Clapperton sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dá ìyókù ọ̀nà náà rìn. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ni ó wọ Sókótó.

Sultan Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, kì í ṣe ọba tí òyìnbó lè fi ìlẹ̀kẹ̀ tàn jẹ. Ọ̀mọ̀wé ni, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé púpọ̀. Ó bi àlejò rẹ̀ ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn, nípa ìràwọ̀, àti nípa ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó dá àwọn ìwé Denham padà, èyí tí àwọn Fúlàní gbà lójú ogun ní 1823, nígbà tí Denham bá àwọn ará Borno lọ ṣe ìkóniẹrú. (Ẹ wo ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní olórí ikọ̀!) Ó ní òun fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rán aṣojú àti dókítà wá, òun yóò sì bá wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí òwò ẹrú etí òkun. Ó fún un ní àwòrán odò Ọya pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Clapperton tọrọ ọ̀nà láti lọ fojú ara rẹ̀ rí odò náà, wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Ó padà bá Denham ní Borno, wọ́n sì jọ délé ní oṣù Kẹfà 1825.

Awọ ẹyẹ àti ti ẹranko wà nínú ẹrù tí wọ́n kó dé. Wọ́n tẹ ìwé ìrìn-àjò wọn jáde ní 1826, ẹ̀yìn ìwé náà ni J. G. Children àti N. A. Vigors ti ṣàpèjúwe àwọn ẹyẹ náà. Òfin àwọn onímọ̀ ni pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ àpèjúwe ẹyẹ kan jáde ni orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Denham pe ẹyẹ gíga kan tí àwọn Hausa ń pè ní tuji, wọ́n fi orúkọ Clapperton pe àparò kan. Onímọ̀ ewéko kan, Robert Brown, sì fi orúkọ Oudney pe ewéko aṣálẹ̀ kan. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọn kò lè jókòó ti iná kan náà, ìwé kan náà ni ẹyẹ wọn jọ jókòó sí.

Àparò Clapperton yàtọ̀ sí àparò tí ń ba àgbàdo jẹ́ nílé wa. Ìhòòhò ni awọ tí ó yí ojú rẹ̀ ká, ó sì pọ́n fòò. Ọ̀fun rẹ̀ funfun, àmì dúdú sì wà káàkiri àyà rẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn tí koríko bò, tí igi kò pọ̀ lórí rẹ̀, ni ó fẹ́, láti Mali títí dé Etiópíà. Ìhà àríwá pátápátá ni ó ti wọ Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń sá ju ìyẹ́ lọ. Àwa Yorùbá máa ń fi àparò ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n lórí yanrìn àti koríko gbígbẹ, aṣọ pípọ́n yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ènìyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìwé yìí ń jáde ní London, ẹni tí wọ́n fún lẹ́yẹ kò sí nílé. Ó ti wà lọ́dọ̀ tiwa. Ìjọba ti sọ ọ́ di Kọ́mándà, wọ́n sì ti dá a padà kíákíá pé kí ó gba etí òkun gúúsù wọlé. Oṣù Kejìlá 1825 ni ó gbéra ní Àgbádárìgì, níbi tí ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ti pín òkun níyà sí ọ̀sà. Kí oṣù náà tó parí, ibà ti pa méjì nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra, Captain Pearce àti Dókítà Morison. Dókítà Dickson, tí ó gba ọ̀nà Dahomey, kò padà mọ́. Ẹni tí ó dúró tì í jùlọ ni ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, ọmọ ọdún 21.

Wọ́n gba Ìjànà kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, ní oṣù Kìíní 1826. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí oyè. Kábíyèsí gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, ó sì dá wọn dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kejì, àwọn eégún aláré ṣeré fún wọn. Wọ́n gbé òjòlá jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òyìnbó jáde: funfun báláú, tí ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí otútù ń mú. Gbogbo ojú agbo fi ẹ̀rín sí i, Clapperton sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré-oníṣe, àkọsílẹ̀ yìí wà lára èyí tí ó pẹ́ jùlọ tí a ní lórí eré eégún aláré. Aláàfin sọ ìnira rẹ̀ fún un pẹ̀lú, nípa ọ̀tẹ̀ tí ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Ìwé atukọ̀ yìí wà lára ìwọ̀nba ibi tí a ti lè rí ìlú náà nígbà tí ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, tí ọjà ṣì ń ná.

Ó gba Kaiama àti Wawa kọjá. Ní Wawa, opó olówó kan tí ń jẹ́ Zuma fẹ́ fẹ́ ẹ dandan, ó sì tẹ̀lé e jáde nílùú pẹ̀lú ìlù àti ẹṣin. Ní Bussa ó rí ibi tí Mungo Park ti bómi lọ. Ó rékọjá odò Ọya nígbẹ̀yìn, ó dé Kánò, ó sì wọ Sókótó ní oṣù Kẹwàá 1826.

Sókótó tí ó bá kì í ṣe ti 1824 mọ́. Bello ń bá Borno jagun, ẹ̀bùn tí Gẹ̀ẹ́sì fi rán Clapperton sí Shehu al-Kanemi ti Borno sì wà nínú ẹrù rẹ̀. Ṣé ọ̀rẹ́ ni ẹni tí ó gbé ẹ̀bùn lọ fún ọ̀tá ẹni? Ọ̀rọ̀ tún ti dé etígbọ̀ọ́ Bello pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ Íńdíà nìyẹn: wọ́n wá bí oníṣòwò, wọ́n sì di onílé. Ó gba àwọn ẹ̀bùn náà, kò sì jẹ́ kí àlejò rẹ̀ lọ sí Borno. Inú Clapperton bàjẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá Bello wí lórí èyí. Èmi kò lè bá wọn wí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 1903, ọdún 76 lẹ́yìn ikú Clapperton, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Sókótó pẹ̀lú ìbọn.

Ní àkókò tí wọ́n dá a dúró yìí, Clapperton a máa gbé ìbọn jáde lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ẹni tí ó bá mọ Sókótó mọ̀ pé ilẹ̀ oníyanrìn ni òkè, ṣùgbọ́n àbàtà tí Hausa ń pè ní fadama ni ó wà lẹ́bàá odò, ibẹ̀ ni ẹyẹ sì máa ń pọ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí kò sí omi níbòmíràn. Bí Lander ṣe ròyìn rẹ̀, Clapperton rìn láti àárọ̀ di alẹ́ nínú oòrùn lọ́jọ́ kan ní oṣù Kejì 1827, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi kan lórí ilẹ̀ tútù. Ó gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni àìsàn ti wọ òun lára. Ní oṣù Kẹta, ìgbẹ́ ọ̀rìn dá a gúnlẹ̀. Lander ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1827 ni ó kú, ọmọ ọdún 38.

Bello fún Lander láyè láti sin ín sí abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n gbé òkú náà sórí ràkúnmí, wọ́n fi àsíá Gẹ̀ẹ́sì bò ó. Lander, ọmọ ọdún 23, ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa, ni ó ka àdúrà ìsìnkú lédè tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò gbọ́. Ó sanwó kí wọ́n kọ́ ahéré lé ibojì náà. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ìwé ọ̀gá rẹ̀ padà dé etí òkun. Ní Àgbádárìgì wọ́n fún un ní obó mu kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ní èrò ibi. Ó mu ún, ó yè é. Ní 1830 ó padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, wọ́n wọ ọkọ̀ láti òkè, omi sì gbé wọn jáde sí òkun ní ìhà Niger Delta. Ìbéèrè tí Clapperton fi ẹ̀mí rẹ̀ wá ìdáhùn sí parí síbẹ̀. Denham kò tilẹ̀ gbọ́ ìdáhùn náà. Ibà ti pa á ní Freetown ní 1828.

Adágún tí wọ́n rí ní 1823 kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960 àti 1980, ọ̀dá àti omi tí wọ́n ń fà sí oko mú kí ó sún kì débi pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti padà díẹ̀ láti ìgbà náà. Ibi tí ẹyẹ omi ti ń jẹ nígbà kan ti di ibi tí ènìyàn ń dáko sí. Tuji, ẹyẹ Denham, máa ń tẹ̀lé òjò lọ sí àríwá láti yé, á sì padà sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àtàlọ àtàbọ̀ ni ọdẹ ń dúró dè é, ó sì tóbi débi pé kò ṣeé ṣì yìn. Ó ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n kà mọ́ àwọn tí ewu ìparun ń sún mọ́. Àparò Clapperton kò sí nínú wọn. Ó ṣì ń sáré kiri láàárín koríko àti ẹ̀bá oko jéró ní ìhà àríwá, makwarwa ni àwọn ọmọ Hausa ń pè é, wọ́n sì ń dẹkùn fún un lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé-ìwé.